Ta ló ni ọ̀rá yìí? Bí mo ṣe yọ stẹ́rọ́ọ̀lù lára Leishmania

Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi gbé lé mi lọ́wọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: yọ ọ̀rá lára Leishmania donovani, kí o wá sọ irú stẹ́rọ́ọ̀lù (ẹ̀yà ọ̀rá tí cholesterol jẹ́ ọ̀kan nínú wọn) tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Oṣù méjì kọjá kí n tó lè dá a lóhùn. Yíyọ ọ̀rá gan-an kò le. Ohun tó le ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá rí ọ̀rá kan, mo ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín.

Leishmania jẹ́ prótósóà, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀. Eṣinṣin bíńtín kan tó ń jẹ́ sandfly ló ń gbé e kiri, abo rẹ̀ tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Oríṣi rẹ̀ tó ń ba èèyàn jà lé ní 20. Àwọn kan ń dá egbò sí ara. Donovani ní tirẹ̀ máa ń wọnú lọ bá ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn eegun, ìyẹn ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní kala-azar, tí aláìsàn kì í sábà bọ́ nínú rẹ̀ bí kò bá rí ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí stẹ́rọ́ọ̀lù fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì tiwa, cholesterol ló ń dì í mú. Leishmania kò mọ cholesterol ṣe rárá. Irú èyí tí olú àti ìwúkàrà ń ṣe lòun náà ń ṣe, ìyẹn ergosterol àti àwọn ìbátan rẹ̀. Tí ẹ bá ya àwòrán ergosterol sẹ́gbẹ̀ẹ́ cholesterol, káábọ́ọ̀nù kan péré ló fi jù ú lọ, pẹ̀lú ìsopọ̀ oníméjì (double bond) méjì tí cholesterol kò ní. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni amphotericin B ń lò. Oògùn yìí, tí wọ́n rí lára bakitéríà inú ilẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, máa ń lẹ̀ mọ́ ergosterol ju bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ cholesterol lọ. Ṣùgbọ́n kò fi cholesterol tiwa sílẹ̀ pátápátá, ìyẹn sì wà lára ohun tó fi ń ni kíndìnrín aláìsàn lára. Ẹ̀mí èèyàn ló rọ̀ mọ́ ìsopọ̀ méjì wọ̀nyẹn. Mo ń rántí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá di túùbù mú.

Mo tọ́ àwọn kòkòrò náà sínú omi oúnjẹ wọn ní ìwọ̀n 26 °C, pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú màlúù. Irú ìgbóná bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá pàdé nínú eṣinṣin. Tí wọ́n bá gbèrú dáadáa, wọ́n dùn ún wò lábẹ́ máíkróskóòpù: wọ́n rí tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù kan ṣoṣo sì wà níwájú ara wọn. Iwájú ni mo wí o. Ìrù náà ló ń fa ara lọ, kì í ṣe pé ó ń tì í láti ẹ̀yìn. Nígbà mìíràn àwọn bíi mélòó kan á kó ìrù wọn jọ sí ojú kan náà, ara wọn á wá tàn yíká bí òdòdó. Mi ò lè kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń sáré kiri bẹ́ẹ̀, torí náà mo máa ń kán fọ́málíìnì sí díẹ̀ nínú wọn, kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Mílíọ̀nù 500 ni mo kó fún túùbù kọ̀ọ̀kan. Mo fi ẹ̀rọ centrifuge rẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀, mo sì fi omi iyọ̀ tútù fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀nà tí Bligh àti Dyer gbé jáde lọ́dún 1959 ni mo tẹ̀ lé. Ẹran ara ẹja ni àwọn méjèèjì ń yọ ọ̀rá rẹ̀ ní Kánádà nígbà náà, síbẹ̀ títí dòní ọ̀nà wọn ni ọ̀pọ̀ láàbù ń gbà. Mo po àwọn sẹ́ẹ̀lì náà mọ́ omi milílítà 0.8. Mo da chloroform milílítà 1 àti methanol milílítà 2 lé e, gbogbo rẹ̀ sì di omi kan ṣoṣo tí kò pín. Ibí yìí ni ọ̀rá ti ń jáde kúrò lára awọ sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà kò yẹ kéèyàn kánjú. Mo gbọ̀n ọ́n, mo fi í sílẹ̀, mo tún gbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo fi chloroform milílítà 1 àti omi milílítà 1 kún un, tí mo tún dá a padà sínú centrifuge. Nígbà tí mo gbé e jáde, ó ti pín sí méjì: omi àti methanol lókè, chloroform nísàlẹ̀, awẹ́ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì là wọ́n láàárín. Purotéènì ni awẹ́ yẹn. Ọ̀rá wà nísàlẹ̀.

Láti fa ti ìsàlẹ̀ jáde láìkó ti òkè mọ́ ọn, èèyàn ní láti rọra máa fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá tín-ín-rín tí a fi ń fa omi, bó ṣe ń kọjá lókè, kó má dáwọ́ dúró títí yóò fi wọ inú chloroform, kó tó wá fà á. Mo ṣe é dáadáa. Àmọ́ pípẹ́ẹ̀tì oníke ni mo fi ṣe é.

Mo fi náítírójìn fẹ́ chloroform náà gbẹ nínú àpótí tó ń fa èéfín, mo sì fi fóìlì wé túùbù náà, torí pé ergosterol kì í fara da ìmọ́lẹ̀. Ìsopọ̀ oníméjì méjì tó wà ní òrùka káábọ́ọ̀nù kejì rẹ̀ ló máa ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, òrùka náà á sì já, nínú ìlànà tó ń sọ ergosterol di fítámìn D2. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú awọ ara tiwa náà, lára stẹ́rọ́ọ̀lù tí oòrùn ń sọ di D3.

Mo kọ́kọ́ fi awo sílíkà dán an wò, èyí tó máa ń ya oríṣiríṣi ọ̀rá sọ́tọ̀ bí omi bá ṣe ń gùn ún. Mo kán ọ̀rá kòkòrò náà sí àárín, cholesterol sí apá kan, ergosterol sí apá kejì, mo sì jẹ́ kí hexane, ether àti ásíìdì acetic gùn ún ní ìwọ̀n 80, 20 àti 1. Nígbà tí mo gbé awo náà sínú èéfín áyódíìnì, àwọn àmì rẹ́súrẹ́sú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀. Ìpele kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí. Awo náà jẹ́rìí pé stẹ́rọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, kò lè sọ èwo ni.

Ẹ̀rọ GC-MS ló kù, èyí tó ń ya àwọn nǹkan sọ́tọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á yọ ṣóńṣó tirẹ̀ nínú àwòrán, tó sì ń wọn ìwúwo mólékù wọn àti ti àwọn ègé rẹ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ tí mo gbà jáde ní ṣóńṣó kan tó ga ju gbogbo èyí tó kù lọ, nọ́ńbà tó sì lágbára jù nínú rẹ̀ ni 149. Mi ò rí irú rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ọ̀rá Leishmania kankan. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń rò pé ọwọ́ mi ti ba ohun tuntun. Ẹ̀gbọ́n kan ní láàbù ló bá mi níwájú kọ̀ǹpútà.

“Ṣé o ṣe òfìfo?” ni wọ́n bi mí.

Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rá pọ̀ nínú èyí tí mo ṣe, mi ò rò pé ó nílò rẹ̀.

“Lọ ṣe òfìfo. Gbogbo ohun tó o ṣe ni kó o ṣe, má ṣáà fi kòkòrò sí i.”

Mo ṣe é. Kò sí kòkòrò kan níbẹ̀, 149 yọ bó ṣe yọ tẹ́lẹ̀, gíga rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Inú ike ló ti wá. Phthalate tí wọ́n ń fi sí ike kó lè rọ̀ ni, chloroform ló sì fọ̀ ọ́ jáde láti ẹnu pípẹ́ẹ̀tì mi. Láti ọjọ́ náà, gíláàsì ni gbogbo ohun tó bá máa kan chloroform lọ́wọ́ mi, mo sì ń fi chloroform ṣan gíláàsì náà kí n tó lò ó. Òfìfo kì í sì í wọ́n láàárín àwọn túùbù mi.

Àwòrán kejì mọ́. Ṣóńṣó cholesterol ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn méjì tí ìwọ̀n wọn jẹ́ 468 lẹ́yìn tí mo ti fi BSTFA, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí stẹ́rọ́ọ̀lù lè di afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀rọ náà, tọ́jú wọn. Cholesterol yẹn ló wá di ìṣòro. Bí Leishmania kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ta ló ni ín? Mo fura sí omi ẹ̀jẹ̀ màlúù, mo sì rò pé mi ò fọ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tó. Mo fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́ẹ̀meje, kò yí padà. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ màlúù ló ti wá, ṣùgbọ́n kò sí lórí kòkòrò náà mọ́, ó ti wọ inú awọ rẹ̀. Nígbà tí mo tọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, ṣóńṣó náà wálẹ̀ jọjọ, àwọn kòkòrò náà sì ń pọ̀ sí i pẹ̀lú ìnira. Trypanosoma brucei tó ń fa àìsàn oorun, ìbátan Leishmania, tún kọjá bẹ́ẹ̀: nígbà tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, cholesterol tó ń já gbà lára LDL wa (èròjà tó ń gbé cholesterol kiri nínú ẹ̀jẹ̀) ló gbójú lé, àfìgbà tó bá dé inú eṣinṣin tsetse ló ń ṣe stẹ́rọ́ọ̀lù tirẹ̀ gidi.

Nínú àwọn méjì tó jẹ́ 468, èyí tó kéré ló bá ergosterol tí mo rà mu. Èyí tó pọ̀ jù wà nítòsí rẹ̀, ìwọ̀n wọn dọ́gba, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. 5-dehydroepisterol ni. Ibi tí ìsopọ̀ oníméjì kan wà ló yí padà: ti ergosterol wà láàárín káábọ́ọ̀nù 22 àti 23, ti ìkejì wà láàárín 24 àti 28. Òun gan-an ni olórí stẹ́rọ́ọ̀lù Leishmania, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ergosterol ni gbogbo wa ń dárúkọ.

Ọ̀gá mi gba èsì náà, wọ́n sì ní kí n fi ketoconazole sí ìgò kan, kí n fi èkejì sílẹ̀ láìfi nǹkan sí i. Oògùn yìí ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń yọ ẹ̀ka kan kúrò lára káábọ́ọ̀nù 14, iṣẹ́ ṣíṣe stẹ́rọ́ọ̀lù kò sì ní lè dé ìparí. Mo yọ stẹ́rọ́ọ̀lù ìgò méjèèjì sínú heptane, mo sì kà wọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ ultraviolet. Ti ìgò tí kò ní oògùn yọ ṣóńṣó mẹ́ta bí ìka ọwọ́, ní 271, 282 àti 293 nm, àmì tí cholesterol kò lè yọ láé. Ti ìgò kejì, èyí tó ní oògùn, fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo tún kó méjèèjì lọ sínú GC-MS. Àwọn 468 ti lọ tán nínú ìgò olóògùn, ṣùgbọ́n cholesterol, ti màlúù, kò dín kù níbẹ̀ rárá.