Bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn WhatsApp màmá mi àti kọ̀ǹpútà ilé wa

Fóònù màmá mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, torí ẹni tó bá fẹ́ lu ẹbí wa ní jìbìtì ò ní wá bá èmi, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbé gbogbo ìpè ló máa gbà wọlé. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ irú ẹ̀: wọ́n á pe àgbàlagbà, wọ́n á ní ìpàdé ẹgbẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Zoom tàbí pé àwọn ń pín ìrẹsì fáwọn àgbà ìjọ, kóòdù kan á wọlé sórí fóònù yín mà, ẹ bá wa kà á. Kóòdù nọ́ńbà 6 yẹn ni WhatsApp máa ń fi ránṣẹ́ tẹ́nì kan bá fẹ́ ṣí àkáǹtì yín sórí fóònù tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti kà á báyìí, ó ti ń tọrọ owó lórúkọ yín nínú gbogbo gúrúùpù ẹbí nìyẹn.

Mo jókòó ti màmá, mo ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́: Settings, Account, Two-step verification. Ó máa ní kẹ́ ẹ yan PIN nọ́ńbà 6 tiyín, èyí yàtọ̀ sí kóòdù tó ń bá SMS wọlé, bí olè bá tiẹ̀ gba kóòdù lẹ́nu yín, PIN yẹn á ṣì dá a dúró. Màmá fẹ́ fi ọjọ́ ìbí wọn ṣe é. Mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó wà lára ike tá a pín níbi ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún yín, gbogbo àdúgbò ló ní in nílé." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yan òmíì. A fi ímeèlì kún un nítorí ìgbàgbé. A wá wo Linked devices, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ míì tí WhatsApp yín ṣí sí, ibẹ̀ la ti bá kọ̀ǹpútà kan tá ò mọ̀, ó jọ pé ti ibi tí wọ́n ti lọ tẹ fọ́ọ̀mù jáde ni, a yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ yẹ tiyín wò lónìí, ẹ jọ̀ọ́.

Lápútọ́ọ̀pù ilé ò gba àkókò. Èmi nìkan ni mo jẹ́ administrator, ìyẹn ẹni tó láṣẹ lórí ẹ̀, mo ṣí àkáǹtì standard fáwọn ọmọ, ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n bá fẹ́ kó sínú ẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè páásíwọ̀ọ̀dù mi. Páásíwọ̀ọ̀dù admin tó wà lórí ẹ̀rọ Wi-Fi wa nígbà tá a rà á, mo ti pààrọ̀ ẹ̀.

Facebook ló mú àríyànjiyàn wá. Mo ní ká yọ fọ́tò àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, ìyàwó mi ní ṣé kóun má fi ọmọ òun yangàn ni. Mo ṣí fọ́tò kan, mo fẹ̀ ẹ́: báàjì iléèwé wà láyà, orúkọ ọmọ wà lókè, kíláàsì ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹni tí ò mọ̀ wá rí lè dúró sẹ́nu géètì kó pe ọmọ yẹn lórúkọ, ọmọ á sì dáhùn. Ó dákẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n. A tẹ Limit past posts, gbogbo èyí tó wà ní Public tẹ́lẹ̀ wá di ti Friends nìkan, a sì pa location nínú kámẹ́rà fóònù, kí fọ́tò má baà máa gbé ibi tá a ti yà á dání.

Torí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà sín ohùn èèyàn jẹ báyìí, a ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan nílé. Ẹni tó bá pè pé òun wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́ kíá, kó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Màmá ló mú un wá látinú ilé tí wọ́n dàgbà sí, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbí.

Ó ku PIN orí SIM, kẹ́ni tó bá jí fóònù má baà yọ SIM sínú tiẹ̀ kó máa gba kóòdù báǹkì. Ẹ bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín léèrè PIN tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án o, tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, PUK ló máa béèrè, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí SIM tó ti tì pa. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní àwọn ò ráyè, mo ti bẹ̀ wọ́n fún Sátidé, a máa jọ ṣe tiwọn lórí fídíò.