Bí Mo Ṣe Bá Ọmọ Kan Rojọ́ Ọ̀bẹ Kékeré Nílé-Ìwé ní Houston

Tí lẹ́tà bá dé láti ilé-ìwé ọmọ yín ní Texas pé wọ́n bá ọ̀bẹ lápò rẹ̀, ẹ má tíì bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà tán. Ohun tí mo sọ fún Ìyá Fẹ́mi nìyẹn nígbà tó pè mí, tó ń sunkún lórí fóònù, tí ọkọ rẹ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn pé òun máa dá ọmọ náà padà sí Abẹ́òkúta. (Fẹ́mi kọ́ lorúkọ rẹ̀ gan-an.) Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Mo kàn máa ń bá àwọn ará ìjọ wa kọ fọ́ọ̀mù àti lẹ́tà ni, látorí owó orí títí dórí ìwé ìgbélùú, ìdí nìyẹn tí irú ọ̀rọ̀ báyìí fi ń wá bá mi nílé.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Bàbá Fẹ́mi ní ṣọ́ọ̀bù gàrí, iṣu àti ẹja gbígbẹ ní apá Bissonnet, níbi tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ náà máa ń bá a tú ẹrù, ọ̀bẹ kékeré kan tó ṣeé ká sínú èèkù rẹ̀ ló sì fi ń ya páálí. Ó ti ọ̀bẹ yìí bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì, ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, ó sì wọ jákẹ́ẹ̀tì náà lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó máa fa wáyà etí rẹ̀ yọ, ọ̀bẹ já bọ́ sílẹ̀ lójú tíṣà. Ọmọ ọdún 13 ni, wọn ò fẹ̀sùn ìjà kàn án rí. Wọ́n ní kó máa lọ sílé fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kó lọ lo ọjọ́ 30 ní ilé-ìwé ìbáwí, pẹ̀lú àwọn tó lu ẹlẹgbẹ́ wọn àtàwọn tí wọ́n ká igbó mọ́ lọ́wọ́.

Ìlànà tí kì í gbọ́ àwáwí ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ọ̀bẹ ni ọ̀bẹ, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń pa màlúù tàbí èyí tí wọ́n fi ń bó ọsàn.

Mo fi alẹ́ ka ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, torí mi ò fẹ́ lọ jókòó síwájú wọn lọ́wọ́ òfo. Lọ́dún 1994, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣòfin pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ wọn gbọ́dọ̀ máa lé ọmọ tó bá gbé ìbọn wá sí kíláàsì lọ fún ọdún kan, ó kéré tán. Ìbọn ni wọ́n ń wí, àti bọ́ǹbù. Ọ̀bẹ kò sí níbẹ̀. Kódà fún ìbọn, òfin náà fún ọ̀gá àgbà ilé-ìwé àgbègbè láyè láti wo ọ̀rọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó sì dín ìyà kù. Àwọn ilé-ìwé fúnra wọn ló na òfin ọ̀hún gùn: wọ́n fi ọ̀bẹ kún un, wọ́n fi oògùn ara ríro kún un. Lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa àwọn ọmọ nílé-ìwé Columbine ní Colorado lọ́dún 1999, ẹ̀rù wá di ọba.

Àbájáde rẹ̀ máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ní Delaware lọ́dún 2009, ọmọ ọdún mẹ́fà mú irin kan tí ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ jọ wà lára rẹ̀ wá sílé-ìwé láti fi jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ọjọ́ 45 ní ilé-ìwé ìbáwí ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, kí ariwo ará ìlú tó mú kí ìgbìmọ̀ wọn tún òfin náà ṣe fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ti Virginia ló dùn mí jù. Ọmọkùnrin kan gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin tó ti ń rò pé òun máa pa ara òun, ó sì tì í mọ́ inú lọ́kà rẹ̀. Ilé-ìwé gbà pé kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn, síbẹ̀ wọ́n lé e sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí wọ́n gbé e dé kóòtù kòtẹ́milọ́rùn lọ́dún 2001, àwọn adájọ́ ní kì í ṣe iṣẹ́ àwọn láti bá ilé-ìwé tún irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Kóòtù mìíràn ti sọ lọ́dún 2000, lórí ẹjọ́ Tennessee, pé kò bá ọgbọ́n mu láti lé ọmọ tí kò mọ̀ pé ọ̀bẹ wà nínú mọ́tò tó ń wà. Ṣùgbọ́n Texas kò sí lábẹ́ kóòtù yẹn, Fẹ́mi náà kò sì lè sọ pé òun ò mọ ọ̀bẹ náà rí. Mo fi ìyẹn sílẹ̀.

Inú òfin Texas fúnra rẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mò ń wá. Láti ọdún 2009, kí wọ́n tó lé ọmọ sílé tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé ìbáwí, ó di dandan kí wọ́n gbé àwọn nǹkan kan yẹ̀ wò: ṣé ọmọ náà ń gbèjà ara rẹ̀ ni, ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, báwo ni ìwà rẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀, ṣé ó ní àìlera tí kì í jẹ́ kó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dára. Dandan ni o, kì í ṣe ojú àánú. Èyí nìkan ti tó láti fi sọ pé “ọ̀bẹ ni ọ̀bẹ” kì í ṣe ìdáhùn. Ìkejì ni pé láti ọdún 2017, ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ bá gùn ju íǹṣì 5.5 lọ ni òfin ìpínlẹ̀ kà sí èyí tó burú gan-an. Èyí tó bá kéré sí i, ìwé òfin ilé-ìwé ló kà á léèwọ̀, ohun tí ilé-ìwé bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó lágbára láti wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Méjì-méjì ni wọ́n ń ta ọ̀bẹ yẹn, èyí tó kù sì wà lórí káńtà. Mo ṣí i, mo fi téèpù ìránṣọ wọ̀n ọ́n: kò tó íǹṣì mẹ́ta. Ohun tó wù mí jù ni ẹ̀gbẹ́ irin náà. Gọ́ọ̀mù téèpù páálí ti lẹ̀ mọ́ ọn, eruku ti dà lé gọ́ọ̀mù náà títí ó fi dúdú, fọ́nrán páálí kan sì wà níbi tí irin ti ń wọ èèkù. Ta ló máa rí èyí tó máa pè é ní ọ̀bẹ ìjà? Mo ya fọ́tò rẹ̀, tòun ti téèpù tí mo fi wọ̀n ọ́n.

Lẹ́tà tí mo kọ kò ju ojú ìwé kan lọ. Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láì fi iyọ̀ sí i, mo gbé ọ̀rọ̀ inú òfin náà kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, mo kọ ti Fẹ́mi sábẹ́ rẹ̀, mo sì béèrè fún ohun tí tíṣà kọ àti gbogbo àkọsílẹ̀ ìwà ọmọ náà láti ìgbà tó ti wọlé. Òbí ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé ọmọ rẹ̀, òfin ọdún 1974 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tó le jù ni Bàbá Fẹ́mi. Ó ti di iṣu méjì àti páálí mọ́líìtì kan pé òun máa fún ọ̀gá ilé-ìwé. Mo ní, “Bàbá Fẹ́mi, ẹ gbé e padà sórí igbá.” Ó ní ṣé kí òun má bẹ̀bẹ̀ ni, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀? Mo ṣàlàyé fún un pé nílé wa, ẹni tó bá tètè dọ̀bálẹ̀ ló ń parí ìjà, ṣùgbọ́n níbí, ẹnìkan ń kọ ọ́ sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í” máa di “bàbá gbà pé ọmọ òun gbé ohun ìjà wá.” Kó kí wọn dáadáa, kó sọ bí ọ̀bẹ ṣe dé inú jákẹ́ẹ̀tì, kó dákẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo rí i pé ó rò ó pé ìwà àìmoore ni.

Òfin Texas fún òbí ní ìpàdé kí wọ́n tó gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé ìbáwí: kí wọ́n sọ ẹ̀sùn, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, kí ọmọ fèsì. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1975, lórí ẹjọ́ àwọn ọmọ Columbus, Ohio, pé ọmọ tí wọ́n máa lé sílé, ì báà má pé ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìgbákejì ọ̀gá ilé-ìwé gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì sọ ohun tí mo ti retí: ìlànà ni, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Mo bi í pé ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n gbé èrò ọkàn ọmọ yìí àti ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá yẹ̀ wò. Ó yẹ fáìlì wò, kò rí i. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ wọn wá. Wọ́n ṣí i lórí tábìlì, gọ́ọ̀mù dúdú náà wà lára rẹ̀, bíi ti èkejì rẹ̀ tó wà nínú fọ́tò.

Ó jáde lọ pe ọ́fíìsì àgbègbè. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n fagi lé ilé-ìwé ìbáwí, wọ́n ní àkókò tó ti lò nílé ti tó, kó kàn máa jẹun ọ̀sán ní ọ́fíìsì fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì sọ pé “ohun ìjà”. Ibẹ̀ ni mo ti jà jù, torí ilé-ìwé tó bá tún lọ máa rí i. Wọ́n yí i sí ohun tí a kò gbà láyè nílé-ìwé, wọ́n sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn ti yí i.

Mi ò bá tíṣà náà wí. Kò jìnnà sí wa, ní Santa Fe, ní Texas níbí, lọ́dún 2018, tí wọ́n yìnbọn pa èèyàn mẹ́wàá nílé-ìwé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi bẹ́ẹ̀, tí ọ̀bẹ já bọ́ níwájú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pe ọ́fíìsì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpè ni mò ń bá jà. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì tẹ ìròyìn wọn jáde lọ́dún 2008: wọn kò rí ẹ̀rí pé ìlànà àìgbọ́-àwáwí ń mú kí ilé-ìwé láàbò sí i. Àwọn ọmọ dúdú ni wọ́n sì ń lé sílé jù lọ ní ìwọ̀n iye wọn, ìṣirò ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ lọ́dọọdún tí wọ́n bá kà á. Ìwé òfin ilé-ìwé Fẹ́mi kò tíì yí padà. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò mọ ẹni tó máa bá a ka lẹ́tà máa lọ lo ọjọ́ 30 tirẹ̀ pé.

Tí ẹ bá máa kọ tiyín, ẹ kọ ọ́ kí ìpàdé tó wáyé, ẹ fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì kí ọjọ́ àti aago lè wà lára rẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà lọ́wọ́ fún gbogbo ẹni tó bá máa jókòó. Ẹ mú ọmọ náà dání. Fẹ́mi ló sọ tẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ, òun ni ìgbákejì ọ̀gá sì ń kọ sílẹ̀ jù.