Kí ẹ tó yan sọ́fítíwíà tí ẹ ó fi ya lógò, ẹ kọ Ẹ̀fọ̀n wò

Àwọn oníbàárà tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ajílósùn, Adó-Èkìtì, fóònù ni wọ́n máa ń nawọ́ rẹ̀ síni: "Ẹ bá mi fi lógò ẹgbẹ́ wa sórí bánà." Ẹ wo lẹ́tà tó parí orúkọ fáìlì náà ná. Bó bá jẹ́ JPG tàbí PNG, fọ́tò ni. Bí ẹ bá fà á tóbi, á fọ́. Ẹ ní kí wọ́n lọ gba SVG, PDF, AI, EPS tàbí CDR lọ́wọ́ ẹni tó yà á. Ìlà ló ń wà nínú ìwọ̀nyí. Bí ẹ fà á tó ojú ògiri, etí rẹ̀ á ṣì mú. Ẹ ṣọ́ PDF pàápàá, torí ẹlòmíì á kàn ki fọ́tò sínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ wíwò lásán, ẹ má náwó. Chrome tàbí Firefox á ṣí SVG àti PDF.

Fún àtúnṣe, Inkscape ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ó lè ṣí CDR, ìyẹn fáìlì CorelDRAW, àmọ́ kò lè tọ́jú iṣẹ́ sí CDR. Bí ilé ìtẹ̀wé tí ẹ ń gbé iṣẹ́ lọ kò bá gba PDF, ẹ ó ra CorelDRAW nìyẹn. Ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n ń lò, torí CorelDRAW àtijọ́ kì í ṣí fáìlì tuntun, àfi bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀dà àtijọ́. Illustrator dára púpọ̀, àmọ́ ẹ ó máa sanwó rẹ̀ lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún.

Èyí tó ká mi lára jù ni àmì ohùn. Kò sí sọ́fítíwíà tí mò ń gbà wọlé láìkọ orúkọ ìlú Ẹ̀fọ̀n àti Ìkọ̀lé sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní "ẹ̀" ní odindi lẹ́tà kan. "Ẹ" ló ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kó tó gbé àmì lé e lórí. Bí fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìkọ̀wé tí ẹ yàn, kò bá mọ̀ ọ́n, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Noto Sans àti Charis ń gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ìwé ètò ìsìnkú la máa ń ṣe jù. Orúkọ àgbà tó lọ kò gbọdọ̀ jáde láìpé níwájú àwọn ọmọ rẹ̀.

Bó bá ti tọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan tí ẹ ṣì lè tún kọ, kí ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ inú èkejì di ìlà: Shift+Ctrl+C nínú Inkscape, Ctrl+Q nínú CorelDRAW. Bí ilé ìtẹ̀wé kò tiẹ̀ ní fọ́ǹtì yín, orúkọ náà kò ní yí padà.

Àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà sábà máa ń tàn ju ti bébà lọ. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan wá kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tẹ igba.