Bí mo ṣe ya ọ̀nà oòrùn Hipparchus sórí káádíbọ́ọ̀dù

Ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Krístì, Hipparchus, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gíríìsì, ka ọjọ́ 94½ fún ìgbà ìrúwé (láti ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru dọ́gba ní oṣù Kẹta dé ọjọ́ tí ọ̀sán gùn jù) àti 92½ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn (láti ibẹ̀ dé ọjọ́ tí wọ́n tún dọ́gba). Wọn ò gbà nígbà náà pé oòrùn lè máa sáré kó sì tún máa fẹsẹ̀ fà, torí náà ayé ló sún kúrò láàárín òbìrìkìtì oòrùn. Báwo ló ṣe sún tó? Ohun tí mo fẹ́ rí nìyẹn.

Mo fi ọjọ́ 365¼ pín 360: oòrùn ń rin dígírì 0.9856 lóòjọ́. Ìgbà ìrúwé gba dígírì 93.14, ẹ̀ẹ̀rùn gba 91.17, àpapọ̀ wọn fi 4.31 ju 180 lọ. Ìdajì 4.31 ni 2.155, sáìn rẹ̀ sì jẹ́ 0.0376. Mo yọ 90 àti 2.155 kúrò nínú 93.14, ó ku 0.985, sáìn tirẹ̀ 0.0172. Mo fi òfin Pythagoras pa méjèèjì pọ̀: ayé fi 0.0413 ìwọ̀n láti àárín òbìrìkìtì dé etí rẹ̀ jìnnà sí àárín náà, tó kù díẹ̀ kó pé 1/24 tí Ptolemy, onímọ̀ ìràwọ̀ tó wá lẹ́yìn Hipparchus, kọ sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lo sẹ̀ǹtímítà 24 láti àárín dé etí. Ayé ni mo kọ́kọ́ fi àmì sí, mo fa ìlà àgbélébùú gbà á kọjá. Láti ibẹ̀ mo ka mìlímítà 9 sókè (0.0376 × 240), 4 sí ọ̀tún (0.0172 × 240): àárín òbìrìkìtì nìyẹn. Okùn ò dáa fún yíya òbìrìkìtì yìí rárá. Ó ń fà, bó bá sì fi mìlímítà 5 péré fà, ó ti jẹ ìdajì ohun tí à ń wọ̀n. Igi pẹlẹbẹ ni mo lu ihò méjì sí, ìṣó sínú ọ̀kan, ẹnu pẹ́ńsù sínú èkejì.

Mo wá gbé protractor, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn igun, lé e, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń jẹ́ 90. Orí ayé ni mo gbé e lé! Níbẹ̀, 90 náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Orí ihò ìṣó ni ibi tó yẹ: láti ọ̀tún, lòdì sí ọwọ́ aago, mo ka 93 fún ìgbà ìrúwé, 91 fún ẹ̀ẹ̀rùn, 87 àti 89 fún ìgbà méjì tó kù.

Ẹ má fi kàlẹ́ńdà òde òní ṣe é. Lọ́dọ̀ Hipparchus, oòrùn ń jìnnà sí wa jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àbọ̀ ṣáájú ọjọ́ tí ọ̀sán gùn jù. Lónìí, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni, níbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, àárín òbìrìkìtì yín á sì bọ́ sí apá òsì ayé.