Bí mo ṣe yàwòrán ilé ìgbọ́kọ̀sí tí ìmìtìtì ilẹ̀ kò ní tètè wó ní Erékùṣù Èkó

Ìmìtìtì ilẹ̀ ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Accra lọ́dún 1939 sì wó ilé. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ̀ lé Eurocode 8, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún kíkọ́ ilé tí ìmìtìtì ilẹ̀ kò ní wó, fún ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà márùn-ún tí mo yàwòrán rẹ̀ nítòsí Marina.

Amọ̀ rírọ̀ àti iyanrìn tí kò dì ló wà lókè ilẹ̀ ibẹ̀, omi ò sì jìnnà. Bí irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ bá mì, á dà bí ògì, kò ní gbé nǹkan kan dúró mọ́. Páìlì, òpó tí a rì sínú ilẹ̀, ni mo lò, ó gba inú gbogbo ìyẹn kọjá wọ iyanrìn líle. Ibi tí ilẹ̀ rírọ̀ ti pàdé èyí tó le ni páìlì ti sábà máa ń ṣẹ́, torí náà mo to ríìǹgì, irin tí a tẹ̀ yí àwọn ọ̀pá irin inú rẹ̀ ká, súnmọ́ra níbẹ̀ àti ní orí páìlì.

Àyè ọkọ̀ kan jẹ́ mítà 2.5 ní ìbú, mítà 4.8 ní gígùn. Ọ̀nà àárín jẹ́ mítà 6, àyè ọkọ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn kan máa ń na bíìmù (kọ́ǹkéré tó dábùú láti òpó dé òpó) kan ṣoṣo kọjá gbogbo rẹ̀, mítà 15.6, kí òpó má bàa dí awakọ̀ lọ́wọ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Bíìmù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ á nípọn, á lágbára ju òpó lọ, òpó ni yóò sì kọ́kọ́ ṣẹ́. Bíìmù tó tẹ̀ ò ní wó ilé. Òpó tó ṣẹ́ á mú kí dẹ́kíǹ, ilẹ̀ kọ́ǹkéré àjà kọ̀ọ̀kan, wó lé ara wọn. Mo fi òpó sáàárín àyè ọkọ̀ kan àti èkejì, mítà 1 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bíìmù wá dín kù sí nǹkan bíi mítà 8.

Òpó kúkúrú ló léwu jù. Ọ̀nà ìgòkè ọkọ̀ tó bá so mọ́ àárín òpó mítà 2.7 á gé e sí méjì. Ìdajì òpó máa ń le ní ìlọ́po 8 ju odindi lọ, òun ni yóò sì fa gbogbo agbára mímì náà mọ́ra. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń mọ sáàárín òpó létí ilé ń ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́. Torí náà, ọ̀nà ìgòkè dá dúró lórí òpó tirẹ̀, àlàfo mílímítà 100 wà láàárín òun àti ilé. Páìpù irin tí a dè mọ́ etí dẹ́kíǹ ló rọ́pò búlọ́ọ̀kù. Ògiri kọ́ǹkéré yí àtẹ̀gùn ká ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí ilé má bàa lọ́.

Òpó jẹ́ mílímítà 600 sí 600. Ní 600 àkọ́kọ́ lókè àti nísàlẹ̀, ríìǹgì irin mílímítà 10 wà ní gbogbo mílímítà 125. A tẹ ìkọ́ rẹ̀ dé dígírì 135, ìrù rẹ̀ mílímítà 100 sì wọnú kọ́ǹkéré. Dígírì 90 ni àwọn abẹ́ńdà fẹ́ràn torí ó yá, àmọ́ bí kọ́ǹkéré ìta bá ti bó, á ṣí. Ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí kápẹ́ńtà tó fi pákó bò ó.

Àlàfo tó wà láàárín ọ̀nà ìgòkè àti ilé ni wọ́n máa ń bàjẹ́ jù: pákó á há síbẹ̀, kọ́ǹkéré á ṣàn wọ̀ ọ́, ọ̀nà ìgòkè á tún so mọ́ òpó. Mo kọ ọ́ sórí àwòrán pé kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó fi irin pẹlẹbẹ bò ó, ẹ̀gbẹ́ kan péré ni kí wọ́n sì fi bóòtì dè é mọ́.