Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ìwé ìbéèrè sàíkọ́lọ́jì ṣeé gbára lé

Gààrí kan náà tí a bá fi kóńgò wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì ní ọjà Kútọ̀, iye kan náà ló yẹ kó jẹ́. Ohun tí a ń wá lára ìwé ìbéèrè nìyẹn. (Kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú kì í yí padà ní tirẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Ẹjọ́ ìyẹn yàtọ̀.)

Ká ní gbólóhùn 10 la fẹ́ fi wọn àìbalẹ̀ ọkàn àwọn tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tí èsì ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láti 1 (rárá) dé 5 (gbogbo ìgbà).

Ọ̀rọ̀ ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ń sáré kọjá. "Ṣé ẹ kì í rí oorun sùn, tí oúnjẹ kì í sì í wù yín?" Ìbéèrè méjì lèyí. Ẹni tó ń jẹun dáadáa àmọ́ tí kì í sùn lè mú 2 lónìí, kó mú 4 lọ́la. Ẹ pín in. Ẹ sì sá fún "kò" àti "kì í". Bí ẹ bá bi ìyá oníṣòwò pé "Ṣé ọkàn yín kì í balẹ̀?", "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́nu rẹ̀ túmọ̀ sí pé kì í balẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ rẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti mọ́ lẹ́nu lè fi "rárá" sọ ohun kan náà. Kò sí ìṣirò tó lè tún ìyẹn ṣe lẹ́yìn náà.

Bó bá jẹ́ pé ẹ túmọ̀ rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì tí kò rí ti àkọ́kọ́ dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi méjèèjì wéra. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á fún oníṣòwò márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́. Bí ẹ bá ka "àyà mi máa ń já", tí ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìṣirò ló kàn. Ẹ wá èèyàn 100, ó kéré tán. Gbólóhùn tó kọjú sódì, bíi "ọkàn mi balẹ̀", ẹ yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú 6 kí 5 lè di 1. Ẹni tó bá gbàgbé èyí lè rí alpha Cronbach (iye tó ń fi hàn bí èsì àwọn gbólóhùn ṣe bára wọn mu tó, tí kì í kọjá 1) tó lọ sábẹ́ òdo pàápàá. jamovi àti JASP, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n jẹ́ ọ̀fẹ́, máa ń ṣírò alpha yìí. Èyí tí kò tó 0.70 kò lágbára. Bó bá jẹ́ pé ìpinnu lórí aláìsàn kan ṣoṣo la fẹ́ fi ṣe, bíi ní ilé ìwòsàn Àrò, 0.90 ni kí ẹ máa wò. Tó bá kọjá 0.95, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbéèrè kan náà lẹ kàn ń tún béèrè. Gbólóhùn 5 tó ní 0.60, bí ẹ bá fi 5 mìíràn tó dára bíi tiwọn kún un, á gòkè sí bíi 0.75.

Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kejì ti yá jù, wọ́n á ṣì rántí èsì wọn. Oṣù mẹ́ta ti pẹ́ jù, ọkàn ti lè yí padà. Ẹ lo nọ́ńbà dípò orúkọ, kí ẹ sì lọ ní àkókò kan náà lójúmọ́: aago mẹ́jọ àárọ̀ tí oníbàárà kò tíì dé kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀sán tí ọjà ń gbóná. Pearson (iye tó ń fi hàn bóyá máàkì ìgbà méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n sì jọ ń sọ̀ kalẹ̀) nìkan ò tó o. Bí máàkì gbogbo wọn bá fi 5 lé sí i, 1 géérégé ni Pearson máa fún yín. Ẹ lo ICC (intraclass correlation coefficient) tó ń wo bí iye méjèèjì ṣe bára mu.

Bó bá jẹ́ wíwo ìwà ọmọ ni, tí ẹni méjì ń wò ó, ẹ má fi ìdá ọgọ́rùn-ún ibi tí ohùn wọn ti ṣọ̀kan tan ara yín jẹ. Nínú ọmọ 100, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń wò wọ́n sọ pé 10 ń jà, kí ohùn wọn sì ṣọ̀kan lórí 90: kappa (iye tó ń wọn ìṣọ̀kan lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti èèṣì kúrò) kò ju 0.44 lọ, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣọ̀kan náà lè ṣèèṣì wáyé. Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ 10 tí wọ́n ta kora lé lórí, kí ẹ kọ ohun tí à ń pè ní "jà" sílẹ̀ (ṣé títi ara ẹni nídìí ẹ̀rọ omi wà lára rẹ̀?), kí wọ́n tún tún un wò lára àwọn ọmọ mìíràn.