Bí mo ṣe ń wo fáìlì ISO láì bọ́ọ̀nù rẹ̀ sórí àwo

Ìsìnkú ìyá ìyá mi ní 2006 ló kó mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. VCD ni àwọn onífídíò fún wa nígbà náà. Mọ́mì Ọ̀yọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kó o sínú àpótí aṣọ wọn títí ojú àwo náà fi dà bí èyí tí ológbò fi èékánná ha. Kó tó bàjẹ́ tán, àbúrò mi gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi: VCD di fáìlì méjì, .bin tó gbé fíìmù àti .cue kékeré tó ń tọ́ka sí i, DVD ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún Mọ́mì tèmi di .iso kan ṣoṣo.

Láptọ́ọ̀pù mi kò ní ojú ibi tí wọ́n ń ki CD sí. Mo gbé ISO yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n bá mi bọ́ọ̀nù rẹ̀. Wọ́n kàn da fáìlì náà sórí àwo bí ẹni da fọ́tò ni, ẹ̀rọ DVD Mọ́mì ní òun ò mọ nǹkan tó wà níbẹ̀. Owó ti lọ kí n tó mọ̀ pé n ò nílò àwo kankan.

ISO kì í ṣe fíìmù. Odindi àwo ni, pẹ̀lú fóldà àti mẹ́nù rẹ̀, tí wọ́n ká sínú fáìlì kan. Kọ̀ǹpútà la máa tàn jẹ kó lè rò pé ẹnì kan ti ki àwo sí òun nínú.

Láti Windows 8 tó jáde ní 2012 ni Windows ti lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì ISO, ẹ mú Mount. Ẹ lọ wo This PC, ẹ ó rí dírááfù tuntun, bóyá D tàbí E. Bí ẹ ò bá rí Mount, WinRAR tàbí 7-Zip, àwọn sọ́fúwíà tó ń tú fáìlì tí wọ́n dì, ló ti gba fáìlì náà mọ́ Windows lọ́wọ́; ẹ lọ sí Open with, kí ẹ mú Windows Explorer. Ẹni tó ṣì wà lórí Windows 7 gbọ́dọ̀ wá WinCDEmu, sọ́fúwíà tó ń ṣe iṣẹ́ Mount yìí. Ọ̀fẹ́ ni.

Bó bá jẹ́ DVD, ẹ ó bá fóldà VIDEO_TS níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn VOB, fáìlì tí wọ́n gé fíìmù náà sí, inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan o. Ọ̀kan kì í ju 1GB lọ, nítorí náà ẹnì kan á ṣì máa gbàdúrà lọ́wọ́ nígbà tí fáìlì máa parí mọ́ ọn lẹ́nu. VLC, sọ́fúwíà tí a fi ń wo fídíò, ni kí ẹ ṣí: Media, Open Disc, ẹ mú DVD, ẹ yan lẹ́tà dírááfù yẹn. Ká sòótọ́, bó bá jẹ́ fíìmù nìkan lẹ fẹ́ wò, ẹ wọ́ ISO náà jù sínú VLC láì ṣe Mount rárá, á ṣiṣẹ́. Mount wúlò jù fún géèmù àti sọ́fúwíà.

VCD ló fún mi ní wàhálà. Windows kò mọ .bin àti .cue, WinCDEmu náà ló gbà mí. Fáìlì .cue ni kí ẹ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe .bin. Lẹ́yìn náà ẹ wọ fóldà MPEGAV, kí ẹ fi VLC ṣí AVSEQ01.DAT. Èmi ti yí orúkọ .bin padà sí "Ìsìnkú Màmá", .cue wá ń wá orúkọ àtijọ́ kiri. Mo fi Notepad ṣí .cue, mo tún orúkọ tó wà lókè rẹ̀ kọ, ó bọ́ sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí VCD padà sí ISO fún yín: báìtì 2,324 ni ìdì kọ̀ọ̀kan fíìmù VCD máa ń gbé, ISO kò retí ju 2,048 lọ, fíìmù náà á bàjẹ́ ni.

Bí ẹ bá wò ó tán, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ dírááfù náà, ẹ mú Eject, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Windows ò ní jẹ́ kí ẹ pa fáìlì náà rẹ́. ISO tí ẹni tí ẹ ò mọ̀ bá fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì, ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án; àwọn oníjìbìtì ń fi fáírọ́ọ̀sì pamọ́ síbẹ̀.

Mo fi wáyà HDMI so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mọ́mì Ọ̀yọ́ wò ó tán, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ ti ọjọ́ ìbí sórí fláàṣì. Fláàṣì wọn jẹ́ 16GB, kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ISO náà kò ju 4.3GB lọ, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní fáìlì náà ti tóbi jù. FAT32 ni ètò tí fláàṣì yẹn fi ń to fáìlì, kì í gba fáìlì kan tó bá kọjá 4GB. Mo ṣe Format rẹ̀ sí exFAT, ètò mìíràn tó ń gba fáìlì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n tó ṣe é, mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì bóyá kò sí ohun tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀, torí Format máa ń nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Wọ́n ní kò sí.